Àfiwé àti Òtítọ́: Àyẹ̀wò Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣàlàyé Iṣẹ́ Ubiquitin Ligase Nínú Sẹ́ẹ̀lì Iṣan Ìmọ̀lára

1.0 Ìfáàrà

Bí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì yóò bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò kọ́ ọ, ọ̀nà àfiwé ni ó máa ń gbà. Ohun tí ojú kò tó ni wọ́n máa ń fi ohun tí ojú ti rí rí júwe. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí lámèyítọ́ fi irú ojú tí ó fi ń wo àfiwé nínú ewì àti ìtàn àròsọ wo àfiwé nínú àlàyé sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Bí àfiwé kò bá ṣe wẹ́kú nínú ewì, adùn ewì náà ni yóò dín kù. Bí kò bá ṣe wẹ́kú nínú àlàyé àìsàn, ó lè mú kí àwọn ènìyàn máa wá okùnfà àìsàn níbi tí kò sí, kí wọ́n sì máa kọjá lára ibi tí ó wà.

Àfiwé mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí yẹ̀ wò. Èkíní ni ìfẹnukonu ikú, èkejì sì ni ààtàn. Àwọn méjèèjì wọ́pọ̀ nínú àlàyé tí àwọn onímọ̀ ń ṣe fún gbogbo ènìyàn nípa bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tú purotéènì palẹ̀. Láti Coconut ni wọ́n ti mú ẹ̀kẹta, ibùdókọ̀ tí ó wà ní agbègbè Apápá àti Ajégúnlẹ̀, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ó lọ sí èbúté Tin Can ní Èkó. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àfiwé méjì àkọ́kọ́ fi ohun kan pamọ́, ohun náà sì ni kókó iṣẹ́ ubiquitin ligase gan-an: yíyàn. Ta ni ó ń yan purotéènì tí yóò lọ? Ìgbà wo ni yóò lọ? Ọ̀nà wo ni yóò gbà lọ? Ìbéèrè wọ̀nyí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ka ìwádìí tí wọ́n ti ṣe nípa àìsàn Parkinson lára àwọn ọmọ Nàìjíríà ní àkàyé.

2.0 Ohun Tí Àfiwé Náà Dá Lé Lórí

Purotéènì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń kọ́ purotéènì ni ó ń tú u palẹ̀. Àwọn kan kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, àwọn mìíràn a sì lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́. Ní 1975 ni Gideon Goldstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe purotéènì kékeré kan tí èròjà amino acid rẹ̀ jẹ́ 76. Nítorí pé ó dà bí ẹni pé kò sí ibi tí kò sí, wọ́n fún un ní orúkọ tí ó wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ‘níbi gbogbo’. Òun ni ubiquitin. Láàrin ìparí àwọn ọdún 1970 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni Aaron Ciechanover, Avram Hershko àti Irwin Rose wá fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn: àmì ni, wọ́n ń so ó mọ́ purotéènì tí yóò di títú palẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́místrì ní 2004.

Ìpele mẹ́ta ni síso àmì náà. Ẹ́ńsáìmù kìn-ín-ní, E1, ni ó ń fi agbára jí ubiquitin dìde. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, E2, ni ó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì ń gbé e. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, E3, tí wọ́n ń pè ní ubiquitin ligase, ni ó ń dá purotéènì tí àmì tọ́ sí mọ̀, tí ó sì ń mú kí àmì náà bọ́ sí i lára. Iye wọn gan-an fi ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà hàn. Lára ènìyàn, E1 tí ó jẹ́ ti ubiquitin kò ju méjì lọ. E2 jẹ́ nǹkan bíi 40. Ṣùgbọ́n E3 ju 600 lọ. Jíjí àmì kò gba oríṣiríṣi òṣìṣẹ́. Yíyàn ni ó gbà wọ́n, nítorí pé ligase kọ̀ọ̀kan ní purotéènì tirẹ̀ tí ó mọ̀. Bí àmì bá ti pé lára purotéènì, inú ẹ̀rọ oníhò kan tí wọ́n ń pè ní proteasome ni ó ń lọ. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti tú u sí wẹ́wẹ́, tí sẹ́ẹ̀lì yóò sì tún fi èròjà rẹ̀ kọ́ òmíràn.

3.0 Àfiwé Kìn-ín-ní: Ìfẹnukonu Ikú

Nígbà tí ìròyìn Ẹ̀bùn Nobel ti 2004 tàn kálẹ̀, àfiwé tí ó gbajúmọ̀ jù ni pé ubiquitin ń fi ẹnu ko purotéènì lẹ́nu, ìfẹnukonu náà sì já sí ikú. Ẹwà àfiwé yìí ni pé ó rọrùn láti rántí. Àléébù rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, ó gbé iṣẹ́ fún ẹni tí kò ṣe é. Nínú àfiwé yìí, ẹni tí ó fi ẹnu konu ni apànìyàn, ìyẹn ubiquitin. Bẹ́ẹ̀ ubiquitin kò mọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan náà ni, bí ó ti wà lára purotéènì yìí ni ó wà lára tọ̀hún. Ligase tí ó yan purotéènì kò sí nínú àwòrán náà rárá. Ó dà bí ẹni tí ó ń sọ ìtàn ẹjọ́ kan tí ó dárúkọ ìwé ìdájọ́ ṣùgbọ́n tí kò dárúkọ adájọ́.

Ẹ̀kejì, gbogbo àmì kọ́ ni ti ikú. Wọ́n lè so ubiquitin mọ́ ubiquitin títí yóò fi di ẹ̀wọ̀n, ibi tí wọ́n sì ti so wọ́n pọ̀ ni ó ń sọ ohun tí ẹ̀wọ̀n náà túmọ̀ sí. Èyí tí wọ́n so níbi amino acid 48 ni ó sábà máa ń darí purotéènì sí proteasome. Èyí tí wọ́n so níbi 63 lè jẹ́ ìpè sí iṣẹ́ àtúnṣe, tàbí ìdarí sí ibòmíràn nínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn ẹ́ńsáìmù mìíràn sì wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n yọ àmì kúrò. Ikú kì í ní àtúnrò, àmì yìí ní in.

Ẹ̀kẹta, etí Yorùbá kì í gbọ́ ìfẹnukonu ikú kí ó má rántí Júdásì. Ọ̀dàlẹ̀ ni yóò wá sí ọkàn ẹni tí ó gbọ́ ọ. Kò sí ọ̀dàlẹ̀ nínú iṣẹ́ ligase, ìtọ́jú ilé ni. Àìsàn Angelman, tí oníṣègùn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì Harry Angelman kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 1965, ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù fún èyí. Àwọn ọmọ tí ó bá ní àìsàn yìí kì í lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹsẹ̀ wọn kì í dúró ṣinṣin bí wọ́n bá ń rìn, gìrì sì máa ń mú wọn. Ní 1997 ni wọ́n rí i pé jíìnì UBE3A ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ligase sì ni jíìnì yìí ń mú jáde. Ọmọ ń jogún UBE3A lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, ṣùgbọ́n nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára ti ìyá nìkan ni ó máa ń ṣiṣẹ́. Ti bàbá dákẹ́ síbẹ̀. Bí ti ìyá bá bàjẹ́ tàbí tí kò sí, kò sí ẹni tí yóò gbapò rẹ̀. Bí ligase bá jẹ́ apànìyàn, ó yẹ kí àìsí rẹ̀ mú ara le. Àìsí rẹ̀ ni ó wá sọ ọmọ di aláìlèsọ̀rọ̀. Àfiwé tí kò lè ṣàlàyé èyí kò ṣe wẹ́kú.

4.0 Àfiwé Kejì: Ààtàn

Àfiwé kejì sàn ju ti ìṣáájú lọ. Ó ní sẹ́ẹ̀lì dà bí ilé, purotéènì tí ó ti bàjẹ́ dà bí pàǹtí, proteasome sì ni ààtàn. Bí kò bá sí ẹni tí yóò kó pàǹtí, pàǹtí yóò kún ilé. Àfiwé yìí bá sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára mu ní ọ̀nà kan. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì inú ara ń pín sí méjì, èyí tí ó sì wà nínú wọn ń pín pẹ̀lú wọn. Sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára kì í pín. Ohun tí ó bá kó jọ sínú rẹ̀ lónìí ni yóò máa gbé kiri títí ọjọ́ alẹ́. Ó tún gùn: èyí tí ó ti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ lè tó nǹkan bíi mítà kan.

Àfiwé yìí ni ó darí ìwádìí àìsàn Parkinson fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àìsàn tí James Parkinson ṣàpèjúwe ní 1817 ni, tí ọwọ́ aláìsàn fi ń gbọ̀n, tí ara rẹ̀ ń le, tí ìrìn rẹ̀ sì ń fà. Nínú ọpọlọ ọ̀pọ̀ àwọn tí àìsàn náà ṣe, kókó purotéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní Lewy body. Purotéènì alpha-synuclein ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ubiquitin sì wà lára rẹ̀. Ní 1998, àwọn oníwàádìí ní Japan rí i pé àléébù nínú jíìnì kan, tí wọ́n pè ní parkin, ni ó fa irú àìsàn náà tí ó ń mú àwọn ọ̀dọ́. Ní 2000 ni ó hàn pé ligase ni parkin. Ìtàn náà dà bí ẹni pé ó ti parí: agbálẹ̀ kò wá síṣẹ́, ilé sì kún fún pàǹtí.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ inú ọpọlọ kọ̀ láti tẹ̀lé ìtàn náà. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn tí parkin wọn bàjẹ́, tí wọ́n sì yẹ ọpọlọ wọn wò lẹ́yìn ikú, kò sí Lewy body. Ibi tí agbálẹ̀ kò ti wá rárá ni wọn kò ti rí pàǹtí. Àfiwé ààtàn kò ní ohun tí yóò fi dáhùn ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ Richard Youle tẹ̀ jáde ní 2008 ni ó la ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi hàn pé mitochondria, tí ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì, ni parkin ń sáré lọ bá bí ó bá ti bàjẹ́. Ìwádìí tí ó tẹ̀lé e fi kún un pé parkin máa ń jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tí ó sùn, títí purotéènì PINK1 yóò fi ta á jí láti ara mitochondria tí ó ní ìpalára. Nígbà náà ni parkin yóò so àmì mọ́ ara rẹ̀, tí sẹ́ẹ̀lì yóò sì gbé odindi mitochondria náà lọ sí lysosome, ilé ìtúpalẹ̀ mìíràn tí ó yàtọ̀ sí proteasome. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àfiwé ààtàn gba ọ̀nà kan péré, ó sì tún pe ohun gbogbo tí ó bá gba ọ̀nà náà ní pàǹtí. Purotéènì tí UBE3A ń yàn kì í ṣe pàǹtí. Àkókò rẹ̀ ni ó ti tó.

5.0 Àfiwé Kẹta: Ìwé Àṣẹ ní Coconut

Ẹni tí ó bá mọ Coconut kí 2021 tó dé kò nílò àlàyé gígùn nípa ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kò bá sí ẹni tí ń yan èyí tí yóò kọjá. Ọkọ̀ àjàgbé àti ọkọ̀ agbépo tò síbẹ̀ lọ́jọ́ lọ́sẹ̀, àwọn kan ń lọ gbé kọ̀ǹténà, àwọn kan ń lọ dá òfìfo padà. Kì í ṣe pé ọkọ̀ wọ̀nyí bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù inú wọn kì í ṣe pàǹtí. Àìsí ètò ni ó sọ ohun tí ó dára di ìdènà. Ìtàn èbúté náà fi èyí hàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1975, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi, tí sìmẹ́ǹtì kún inú ọ̀pọ̀ wọn, dúró lójú omi Èkó nítorí pé ohun tí wọ́n kó wá ju ohun tí èbúté lè gbà lọ. Ara ohun tí ìjọba ṣe sí i ni èbúté Tin Can tí wọ́n ṣí ní 1977. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fẹ́ fi kọ́lé ni ó di wàhálà.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2021, àwọn aláṣẹ èbúté bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan tí wọ́n sọ ní Ètò. Ọkọ̀ yóò dúró sí ọgbà ìdúró títí ìpè rẹ̀ yóò fi jáde láti orí kọ̀ǹpútà, wọn yóò sì yẹ ìwé àṣẹ rẹ̀ wò lójú ọ̀nà. Nínú èyí, ìpele mẹ́ta ti ubiquitin hàn gbangba. Ibi kan wà tí ìwé àṣẹ ti ń di èyí tí ó ní agbára. Ọ̀nà kan wà tí ó ń gbà dé ojú pópó. Ẹnìkan sì wà tí ó ń wo nọ́ńbà ọkọ̀ tí ó sì ń sọ pé ìwọ ni ó kàn. Ẹni ìkẹta yìí ni ligase. Bí kò bá sí i, ìwé àṣẹ lè kún ilẹ̀, ọkọ̀ kankan kò ní mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Àfiwé yìí dára ju méjì ìṣáájú lọ ní ọ̀nà mẹ́ta. Ó fi yíyàn sí iwájú. Ó fi hàn pé ohun tí kò bàjẹ́ lè ṣèpalára bí ó bá pẹ́ jù níbi tí kò yẹ. Ó sì bá gígùn sẹ́ẹ̀lì iṣan ìmọ̀lára mu, nítorí pé ìdènà ní Coconut kì í dúró sí Coconut. Ó ń dé Mile 2 àti kọjá bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ó ní ibi tí ó kù sí. Ọkọ̀ tí ó bá wọ èbúté yóò tún jáde gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀. Purotéènì tí ó bá wọ proteasome kò ní jáde gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀. Fún apá yìí, àfiwé àwọn tí ń ra irin àlòkù kiri àdúgbò ni ó súnmọ́ òtítọ́ jù: irin náà kò ṣègbé, wọn yóò yọ́ ọ, yóò sì di ọ̀pá irin tuntun. Lẹ́ẹ̀kejì, awakọ̀ lè bẹ̀bẹ̀, purotéènì kò lè bẹ̀bẹ̀. Ìrísí rẹ̀ nìkan ni ó ń sọ̀rọ̀ fún un. Bí ìrísí náà bá yí padà, tàbí tí ligase bá pàdánù ojú tí ó fi ń dá a mọ̀, kò sí ẹni tí ó lè bá wọn parí rẹ̀.

6.0 Bí Ó Ṣe Kan Ìwádìí Lára Àwọn Ọmọ Nàìjíríà

Ọ̀rọ̀ àfiwé yìí kì í ṣe eré ọgbọ́n lásán. Ní 2008, Njideka Okubadejo ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ìṣègùn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀, tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú PLoS ONE. Wọ́n yẹ jíìnì mẹ́ta wò lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ní Parkinson tí kò hàn pé ó ti inú ẹbí wá: LRRK2, PRKN àti ATXN3. PRKN ni ó ń mú parkin jáde. Purotéènì tí ATXN3 ń mú jáde jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ń yọ àmì ubiquitin kúrò. Wọn kò rí àléébù kankan tí ó lè fa àìsàn náà nínú jíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹni tí ó bá gbé àfiwé ààtàn sọ́wọ́ yóò ṣi àbájáde yìí kà ní ọ̀nà méjì. Ó lè sọ pé bí parkin kò bá bàjẹ́, a jẹ́ pé ìtúpalẹ̀ kò ní ọwọ́ nínú àìsàn náà níhìn-ín. Tàbí kí ó sọ pé parkin kì í bàjẹ́ lára aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tọ̀nà. Iye ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀. Àwọn tí àìsàn náà mú ní ọ̀dọ́ ni àléébù parkin sì wọ́pọ̀ lára wọn jù. Wọ́n sì ti rí àléébù náà ní àríwá Áfíríkà àti ní Gúúsù Áfíríkà. Ohun tí ìwádìí 2008 sọ kò ju pé ẹnu ọ̀nà kan wà tí wọ́n kàn, tí wọn kò bá ẹni tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Kò sọ pé ilé náà ṣófo.

Ní 2023, ìdáhùn wá láti ẹnu ọ̀nà mìíràn. Nínú ìwádìí ńlá kan tí àwọn oníwàádìí Nàìjíríà kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀, tí ó jáde nínú The Lancet Neurology, wọ́n rí àyípadà kan nínú jíìnì GBA1 tí ó ń mú kí ewu Parkinson pọ̀ sí i lára àwọn ènìyàn Áfíríkà àti àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà. Àyípadà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí lára àwọn ará Yúróòpù. GBA1 kì í mú ligase jáde. Ẹ́ńsáìmù tí ń tú irú ọ̀rá kan palẹ̀ nínú lysosome ni ó ń mú jáde. Inú lysosome yìí kan náà ni mitochondria tí parkin yàn ń parí ìrìn àjò rẹ̀ sí. Ọ̀nà méjì náà pàdé. Ẹni tí ó bá ní àfiwé tí ó gba ọ̀nà púpọ̀ lọ́wọ́ yóò rí i pé àbájáde 2008 àti ti 2023 kò ta ko ara wọn. Ìpín méjì nínú ìtàn kan ni wọ́n.

Fún ìdílé tí bàbá wọn ń gbọ̀n, ìyàtọ̀ yìí tóbi. Àwọn kan yóò ní ogbó ni, àwọn mìíràn yóò ní ọwọ́ ayé ni. Bí oníṣègùn bá sọ fún wọn pé pàǹtí ni ó kún ọpọlọ rẹ̀, wọn yóò béèrè ẹni tí ó da á síbẹ̀. Bí ó bá sọ fún wọn pé ètò tí ń yan ohun tí yóò kọjá ni ó ní ìdíwọ́, àti pé ibi tí ìdíwọ́ náà wà yàtọ̀ láti ìdílé sí ìdílé, wọn yóò mọ ìdí tí àyẹ̀wò fi yẹ, àti ìdí tí oògùn tí wọ́n ń ṣe fún ẹnu ọ̀nà kan fi lè má jẹ́ ti gbogbo ènìyàn.

7.0 Ọ̀rọ̀ Ìperí

Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa darí ti fi hàn pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ti inú sẹ́ẹ̀lì ṣì ku iṣẹ́. Nítorí ohun tí ó ti hàn lókè, kò yẹ kí ẹni tí yóò túmọ̀ ligase pè é ní ‘apa’ tàbí ‘agbálẹ̀’, nítorí pé àfiwé tí kò tọ́ ni yóò fi sínú orúkọ. ‘Aṣàyàn’ sàn jù. Ubiquitin lè jẹ́ ‘àmì’, E1 ‘ajímì’, E2 ‘agbámì’. Orúkọ tí ó bá iṣẹ́ mu ni ìdajì àlàyé.

8.0 Ìkádìí

Ìfẹnukonu ikú fi ikú rọ́pò yíyàn. Ààtàn fi pàǹtí rọ́pò àkókò, ó sì fi ọ̀nà kan rọ́pò ọ̀nà púpọ̀. Coconut kò pé, ṣùgbọ́n ó fi ẹni tí ń yàn hàn, ó sì jẹ́ kí ènìyàn lè béèrè ibi tí ìdènà wà kí ó tó dárúkọ ẹni tí ó fà á. Ohun tí lámèyítọ́ lè ṣe fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nìyí: kí ó sọ ibi tí àfiwé ti bá òtítọ́ rìn àti ibi tí wọ́n ti pínyà, kí aláìsàn má baà bá àfiwé lọ níbi tí òtítọ́ ti yà.